Ọ̀rọ̀ Ìyá Gbàdàmọ́sí Tó Padà Sílé

Mosúnmọ́lá ti wà ní ọ́fíìsì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde kí Harold tó dé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti Ohùn Ilé pa. Àwọn méjèèjì ló jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé gíga. Ìyá tó bá ní fóònù kékeré lásán yóò pe nọ́ńbà kan, yóò sọ̀rọ̀. Sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá gbogbo ìpè lóhùn, yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odi. Iṣẹ́ náà dùn nígbà kan. Ṣùgbọ́n Wọ́ọ̀sáàpù ti wọ ilé gbogbo, àwọn tó ń pè ń dín kù, Harold náà sì ti ríṣẹ́ sí Kánádà.

"Yọ ọ́ lára iná, Mosún," Harold wí, ó ń ká wáyà jọ. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Mi ò ní yọ ọ́ lára iná. Ẹnìkan lè wà lórí ọ̀rọ̀."

Kóòdù tí yóò ti sáfà náà bó ṣe yẹ ló ń kọ láti àná. Ẹni tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kì í ti oníbàárà síta. Ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ sé, yóò wá dá àwọn tó ti wọlé lóhùn tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ ọ́: kí sáfà má gba ìpè tuntun mọ́, kí ẹni tó wà lórí ọ̀rọ̀ sọ tirẹ̀ parí, kí ọ̀rọ̀ tó ṣì wà nílẹ̀ lọ bá ẹni tó ni ín. Èyí tí onítọ̀hún kò bá gbà, kí ó padà sórí fóònù ẹni tó rán an. Lẹ́yìn náà, kí sáfà ti ibi ìpamọ́ rẹ̀, kí ó dákẹ́.

Ibi tó ti ń kọ ti ìdápadà yẹn ló ti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà wò. Ti ẹnìkan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀: Ìyá Sàúdátù ní Ayépé, sí ọmọ rẹ̀ Gbàdàmọ́sí. Ọmọ náà gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tún gbọ́ ọ nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún. Láti ìgbà náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó sì ti lé lọ́dún kan. Ìyá rẹ̀ kò yéé pè, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun.

"Pa wọ́n rẹ́," Harold wí nígbà tó rí ojú rẹ̀. "Kò ní mọ̀ láé. Jẹ́ kó máa retí ọmọ ẹ̀."

Mosúnmọ́lá ki kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ bọ báàgì, ó gun ọ̀kadà, ó di Ayépé.

Ìyá Sàúdátù ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Bó ṣe rí Mosúnmọ́lá, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà náà níjọ́sí, tó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ tàn.

"Mosún, ọmọ mi! Ṣé Gbàdà fèsì ni?"

"Rárá, Màmá." Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Iṣẹ́ wa yẹn, a fẹ́ tì í lónìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ rán tí ẹni tí ẹ rán an sí kò bá gbọ́, a máa dá a padà fún yín. Mi ò fẹ́ kó bá yín lójijì."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá. "Èwo ni kò gbọ́?"

"Wọ́n pọ̀, Màmá."

"Èyí tí mo fi sọ fún un pé bàbá ẹ̀ kú ńkọ́?"

"Kò gbọ́ ọ."

"Pé Fatihah àbúrò ẹ̀ bímọ, pé a fi orúkọ ẹ̀ sọ ọmọ náà?"

"Kò gbọ́ ọ, Màmá."

Ìyá tẹjú mọ́lẹ̀. "Ọjọ́ kan wà tí mo bú u. Mo ní tí kò bá pè mí, kí ó má pè mí ní ìyá mọ́."

"Kò gbọ́ ìyẹn náà."

"Alihamudulilahi," ìyá wí. Ìgbà náà ni ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Nígbà tó yá, ó fi ìborùn nu ojú. "Ṣé ẹ ti tì í?"

"Ó kù díẹ̀."

"Bá mi pè é."

Mosúnmọ́lá mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbà á. Ó bá a tẹ nọ́ńbà Ohùn Ilé, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Nínú kóòdù rẹ̀, ó ti fi ìlà kan síbẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni bá pẹ́ jù, kí sáfà já a. Ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó pa ìlà náà rẹ́, ó wá ti ibẹ̀ ní kí sáfà tó wà ní ọ́fíìsì máa tì.

Sáfà sé ilẹ̀kùn mọ́ ìpè tuntun. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ó ku ẹnìkan lórí ọ̀rọ̀, òun ń dúró dè é.

"Gbàdàmọ́sí, ìyá ẹ rèé. Wọ́n ní o ò gbọ́. Ó dáa. Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan láàárín èmi pẹ̀lú ẹ." Ó dákẹ́. Fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Èémí rẹ̀ nìkan ló kù tó ń lọ. Mosúnmọ́lá kò sọ pé ó tó, sáfà náà kò já a. Ó pẹ́ kí ìyá tó sọ fóònù kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sáfà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, kò rí ẹni gbà á. Fóònù ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Àwọn ọ̀rọ̀ yín ni, Màmá. Tí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ wọn, ẹ má gbé e."

"Ta ló máa wá gbọ́ ọ?" ìyá wí, ó sì gbé e.

Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló jáde, èyí tó kọ́kọ́ rán láìrí èsì, ó ń rẹ́rìn-ín: "Gbàdà, ṣé o ti jẹun?"

Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún. Ìyá fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń gbọ́ ọ lọ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí dórí èyí tó sọ lónìí. Nígbà tí ìyẹn náà parí, sáfà ti ibi ìpamọ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyá ò tíì gbé fóònù náà kúrò létí.