Afẹ́fẹ́ Ló Gbé Òrùlé Bàbá Mi

Ìjì tó jà ní Massè, abúlé wa, lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò fọ́ ìkòkò kan. Kò wó ògiri, kò já ilẹ̀kùn tí a tì. Àtùpà orí àpótí nínú yàrá bàbá mi kò tilẹ̀ ṣubú. Òrùlé nìkan ló gbé. Páànù tuntun tó ń dán bí ojú ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé, ó ṣí ìdajì rẹ̀ lódidi, tòun ti pákó abẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọjá lórí igi máńgòrò, ó sì tẹ́ ẹ sínú oko ẹ̀gẹ́ Oyèlẹ́yẹ, aládùúgbò wa, bí ẹni tẹ́ ẹní.

Ohun tó dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nìyẹn.

"Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán," ni Oyèlẹ́yẹ wí, "ṣebí yóò kọ́kọ́ wọlé kó tó ti òrùlé sókè? Ilẹ̀kùn tì, fèrèsé tì. Ta ló wá fà á láti òkè?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó fà á: Ẹfúnwùmí, opó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, obìnrin tó tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú koríko orí ilé kúrò kí wọ́n lè kan páànù, ó dúró lágbàlá, ó ní, "Fábọ̀dé, koríko tí ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ bo ilé yìí lò ń dà nù yìí? Ó dáa. Ìwọ àti afẹ́fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùlé ti fò, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ di èpè.

Ẹni tó kan páànù náà ni Kàsímù, gbẹ́nàgbẹ́nà láti Adja-Ouèrè, ọmọkùnrin tó gba oorun lójú mi. Mùsùlùmí ni, ará ilé òrìṣà sì ni wá, síbẹ̀ bàbá mi sọ fún un pé, "Fi òrùlé mi ṣe iṣẹ́ àna rẹ, kí o sì mú Ìbídùn ọmọ mi lọ." Láti ìgbà tí Dahomey ti gba òmìnira, ẹni tí kò bá tíì fi páànù bo ilé, àfi bí ẹni pé òmìnira kò tíì kàn án.

Mo ti ka àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò títí ẹ̀yìn wọn fi já. Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin inú wọn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó Kàsímù. Àwọn yẹn a máa sọ ti òṣùpá fún olólùfẹ́ wọn. Kàsímù sọ ti ọkọ̀ òfúrufú fún mi. Ó ti bá wọn kan òrùlé àká kan ní pápá ọkọ̀ òfúrufú ní Kùtọnu, ó sì bá àwọn tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe dọ́rẹ̀ẹ́.

"Àṣàkẹ́," ni ó fi oríkì mi pè mí, "má rò pé ó fúyẹ́. Ó wúwo ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń tì í síwájú, bó sì ti ń sáré ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú. Apá rẹ̀ gbé imú sókè díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Afẹ́fẹ́ tó gba òkè apá yẹn a máa sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, èyí tó bá sì ń sáré bẹ́ẹ̀ kì í lè tẹ apá náà mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Ti ìsàlẹ̀ á wá borí, á tì í sókè. Apá náà á máa gbá afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á máa gbá a padà sókè."

Mo ní irọ́ ni. Ó ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ojú-ewé ìwé mi, ó fi etí rẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ètè mi, ìyókù rọ̀ wálẹ̀ bí ahọ́n ajá. "Fẹ́ atẹ́gùn gba orí rẹ̀." Mo rò pé yóò túbọ̀ tẹrí ba ni. Ó gbéra! Kàsímù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí ọkàn mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí o bá ń kọjá." Ta ni kò ní fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjì, gbogbo wa pé sábẹ́ igi máńgòrò. Kàsímù náà ti gbọ́, ó ti dé.

"Ẹfúnwùmí," ni bàbá mi wí, "di ẹrù rẹ. Padà sí ilé bàbá rẹ ní Ikpinlè. N kò fẹ́ ẹlẹ́yẹ lábẹ́ òrùlé mi."

"Òrùlé wo?" ni ìyá náà dáhùn.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Bàbá mi yíjú sí Kàsímù. "Ní tìrẹ, ọwọ́ rẹ mọ́. Kò sí ìṣó tó lè di ohun tí àwọn ìyá ayé bá fẹ́ fà mú. Ìyàwó rẹ ṣì ni Ìbídùn."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan, n kò ní purọ́. Mo wá wo Kàsímù, mo ń retí kó la ẹnu. Ojú rẹ̀ wà lórí sálúbàtà rẹ̀. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni, ó sì dákẹ́! Nínú ìwé, ibí yìí ni ọmọge ti máa ń sáré lọ dì mọ́ àyànfẹ́ rẹ̀. Èmi dìde, ṣùgbọ́n n kò sáré lọ síbì kankan.

"Bàbá, ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ ló gbé òrùlé yín."

"Jókòó."

"N kò ní jókòó."

"Ẹ wá wo ọmọge tó ka ìwé yó!" ni Oyèlẹ́yẹ kígbe. "Ṣé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ni?"

"Bàbá Oyèlẹ́yẹ, ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ òfúrufú tó ń kọjá lókè oko yín rí? Ta ló ń fà á láti òkè?"

"Oògùn òyìnbó ni."

"Bí ó bá jẹ́ oògùn, kí ni wọ́n ń bu epo sí i fún?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé mi yọ níbi tí mo fi í há sí nínú ìró, mo ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí ọmọkùnrin ti kúnlẹ̀ bẹ olólùfẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo yà á. Mo fi í sábẹ́ ètè Oyèlẹ́yẹ. Ó fẹ́ ẹ, ìwé gbéra. Ó sún sẹ́yìn, ó wo abẹ́ rẹ̀ wò, ó tún fẹ́ ẹ.

"Ta ló fà á, Bàbá? Àbí ẹ̀yin náà ti di ẹlẹ́yẹ?"

"Òótọ́ lọmọ yìí ń sọ o!" ni Málọmọ́, ìyàwó rẹ̀, wí. "Mo ru páànù bọ̀ láti ọjà nígbà kan tí ìjì ń bọ̀. Bí mo ti gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ báyìí, ó ní ká jọ máa lọ sọ́run!"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ òfúrufú ń sáré. Ilé mi dúró sójú kan."

"Ọkọ̀ ló ń sáré lọ bá afẹ́fẹ́. Lánàá, afẹ́fẹ́ ló sáré wá bá ilé yín. Ọ̀kan náà ni."

"Kí ló dé tí ti Oyèlẹ́yẹ kò fò?"

"Tirẹ̀ ga ṣóńṣó, etí rẹ̀ kúrú, koríko sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ gba àárín rẹ̀. Tiyín tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ gùn jáde. Apá ni ẹ ṣe, Bàbá. Ẹ kàn gbàgbé láti so ó mọ́lẹ̀ ni."

Bàbá mi rọra bi mí pé, "Ta ló yẹ kó so ó mọ́lẹ̀?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń gbé mi lọ. Ìgbéyàwó mi ni mo gbé lọ́wọ́ tí mo fẹ́ sọ lu òkúta yìí. "Kàsímù," ni mo wí, "ìwọ lo kọ́ mi. Sọ̀rọ̀."

Ó gbójú sókè. "Òótọ́ ló sọ. Ẹ ní kí etí òrùlé gùn ju ti gbogbo Massè lọ, Bàbá. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ yóò ríbi dì mú. Ó yẹ kí n fi wáyà so pákó mọ́ ògiri, kí ìṣó etí rẹ̀ sì pọ̀. N kò ṣe é. Mo ń kánjú."

"Kí lò ń kánjú sí?"

"Ìyàwó ni, Bàbá."

Ẹ̀rín tó sọ lẹ́yìn èyí, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí máńgòrò. Bàbá mi nàró. "Iṣẹ́ àna rẹ ti fò lọ. Kò sí ìyàwó níbí mọ́." Kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Ikpinlè mọ́. Ẹfúnwùmí tú ẹrù rẹ̀, ó yíjú sí Kàsímù, ó ní, "Ìṣó dà?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà la ru páànù padà láti inú ẹ̀gẹ́. Obìnrin kì í gun òrùlé ní Massè. Mo fún ìró mi mọ́ ìdí, mo gun àkàsọ̀.

"Ìbídùn, sọ̀kalẹ̀!" Bàbá mi jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó kẹ̀yìn sí wa, síbẹ̀ ó ń yọjú wò wá. "Mo ní kò sí ìyàwó!"

"Ẹ ní kò sí ìyàwó, ẹ kò ní kò sí òrùlé! Tí èyí bá parí, tí kò sì fò, n ó tẹ̀lé Kàsímù. Tí ẹ bá ní kí n má tẹ̀lé e, n ó tẹ̀lé e náà!"

Kàsímù bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àṣàkẹ́, ṣé o kò bínú sí mi?"

"Mo ń bínú gan-an ni. Kan ìṣó."

A ti kan etí kan, a ń tẹ́ páànù tó kẹ́yìn, nígbà tí afẹ́fẹ́ dìde láti ìhà oko. Mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀gẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iwájú páànù gbéra lọ́wọ́ mi, ó fà mí bí ẹran tó fẹ́ já, gìgísẹ̀ mi kúrò lórí pákó.

Bàbá mi fò dìde. "Afẹ́fẹ́! Afẹ́fẹ́ ń bọ̀! Tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ìbídùn, á gbé ọ lọ!"

Gbogbo agbolé gbọ́ ọ. Ẹfúnwùmí gbé igbá ìṣó sórí itan, ó rọra béèrè pé, "Fábọ̀dé, kí lo ní yóò gbé e lọ?"

Bàbá mi ti sáré wá di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo tẹ imú páànù mọ́lẹ̀, mo fi gbogbo ìdí mi jókòó lé e lórí, Kàsímù sì ń fi òòlù lu ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.