Akẹ́kọ̀ọ́ inú Ṣọ́ọ̀bù

Ní oṣù tó kẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ tó lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Éṣíà, aránṣọ kan gbà kí ọmọ náà má fi èdè ilé bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe ìjà. Àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ló ní àwọn máa wò ó lórí fóònù bó ṣe ń kọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, torí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò gbọ́ ọ. Bí èdè mìíràn bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

“Èmi ni kí o fi kọ́ṣẹ́,” ni ìyá wí. “Ṣebí orí mi yìí náà lo fi kọ́ irun dídì, tí mo wá ń fi ìborùn borí kiri bí ẹni tó jalè.”

Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ṣe di kíláàsì. Ọmọ á gbé àlùmọ́gàjí sókè, á pe orúkọ rẹ̀, ìyá á pè é tẹ̀lé e. Ó kan òwú, ó kan téèpù. Bí ìyá bá gbàgbé tó ní, “Kí lo fẹ́ jẹ?” ọmọ á kàn mirí, á dúró títí ìyá á fi fi Gẹ̀ẹ́sì bi í.

Ìyá alágbàfọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, jẹ́lé-ó-sinmi ti gbà yín wọlé? Ẹ má gbàgbé omi mímu o!”

“Wá jókòó tì mí, ìwọ aláròyé.”

“Kí n wá jẹgba? Ó tì o!”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà ló ti kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ sísọ. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló máa ń gbé e jókòó sí. Á na abẹ́rẹ́ sókè, ọmọ á ní, “Abẹ́yẹ́,” àwọn oníbàárà á sì mọ̀ọ́mọ̀ tún bi í. Ọmọ náà kì í dákẹ́ nígbà yẹn. Á béèrè ìdí tí bọ́tìnnì fi ní ojú. Á béèrè ibi tí aṣọ ń sùn bí wọ́n bá ti gbé e lọ. Ìyá á máa wa ẹ̀rọ, á máa dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ wà tí ìyá fẹ́ bá a sọ báyìí, nípa bàbá ọmọ náà tó kú kó tó gbọ́n. Ó ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Àyè á pọ̀ nígbà náà.

Ọmọ yege. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní olùkọ́ kan ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó máa bọ̀ kíákíá. Ẹrù dídì ló gba gbogbo àyè náà.

Ọkọ̀ ti ń dúró níta kí ọmọ tó sọ pé, “Màmá, ẹ ò wí nǹkan kan.”

“Ọ̀rọ̀ tí mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà.”

“Ẹ ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù.”

“Má dá awakọ̀ dúró.”

Oṣù tí ọmọ fi gbé nílé kẹ́yìn ti lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni aránṣọ náà fi oṣù náà ṣe, kò fi ṣe ìyá.