Ilé Tí Ọlọ́pàá Mọ̀, Tí Òfin Kò Mọ̀

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Dale Haugen, ọ̀gá ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ wa, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu ọ̀nà mi, tó sì na ìwé ìpẹ̀jọ́ sí mi nítorí pé ẹṣin mi jẹ koríko létí títì. Koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí yìnyín ìbá sì pa lọ́sẹ̀ kejì, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú ẹṣin náà lọ tí wọ́n sì tà á lójú mi. Mo fi ìwé yẹn sínú Bíbélì ìyàwó mi. Nígbà tó wà láyé, ó sọ pé Bíbélì kì í ṣe ibi tí à ń kó ìkùnsínú pamọ́ sí. Mo ní ibẹ̀ nìkan ni eku kì í dé nínú ilé wa.

Lọ́dún tó kọjá, Haugen tún fẹ́ kí wọ́n dìbò yan òun. Mo ti pinnu pé ìbò tèmi yóò lòdì sí i, bí mo bá tilẹ̀ máa fi ìdí wọ́ débẹ̀.

Àmọ́ òfin tuntun ti jáde. Ní ìdìbò kan ṣáájú, ìbò àwa Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹnì kan wọlé tí àwọn ọlọ́lá olú-ìlú kò fẹ́. Wọn kò sọ pé kí Ojibwe má dìbò mọ́. Aláìgbọ́n ló ń sọ irú ìyẹn síta. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dìbò kó mú káàdì tó ní nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì wá. Lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù fún wa, títì kò lórúkọ, ilé kò sì ní nọ́ńbà. Àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni gbogbo wa ń lò, ìjọba kan náà ló sì fún wa. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa ní àpótí, wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ pé àpótí kì í ṣe ilé. Ìjọba tiwa-n-tiwa ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ ìdìbò, yìnyín mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Rosella, ọmọ àbúrò mi, tó ń ṣaájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Ó ń bu ọbẹ̀ ẹran gbígbóná fún àwọn tí wọ́n ti lé jáde.

“Bàbá, ẹ padà sílé,” ó ní. “Wọn ò gba káàdì wa. Èèyàn mọ́kànlélógún ni wọ́n ti lé láti àárọ̀. A ti pe lọ́yà.”

“Ṣé lọ́yà ọ̀hún ní nọ́ńbà ilé?”

“Bàbá, ẹ má bẹ̀rẹ̀.”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bu tèmi sílẹ̀ dè mí, má sì fi ọ̀dùnkún tàn mí, ẹran ni mo fẹ́.”

Marlys Tveit, òṣìṣẹ́ ìdìbò tó ń yẹ káàdì wò, ló jókòó sídìí tábìlì. Mo bá bàbá rẹ̀ di koríko ẹran fún ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin, nígbà tí òun ṣì ń rá kòrò.

“Alcide,” ó ní, bí ẹni ń pe ajá, “àdírẹ́sì ẹ ńkọ́?”

“Bàbá ẹ ò pè mí báyẹn rí.”

Ó gbé ojú sókè. “Àdírẹ́sì yín ńkọ́, sà?”

Mo na káàdì sí i.

“Àpótí 318. Ṣé inú àpótí lẹ ń sùn, sà?”

“Tí wọ́n bá gbé mi sínú pósí, bóyá ìgbà yẹn lẹ máa gbà pé mo nílé.” Mo yọ ìwé ìpẹ̀jọ́ ẹṣin ọjọ́sí lápò. “Ka èyí.”

Ó kà á: “‘Ilé búlúù, lẹ́yìn táǹkì omi, ọkọ̀ ẹlẹ́rù méjì tó ti kú lójúde, ajá kan tó ń buni jẹ.’ Èyí kì í ṣe àdírẹ́sì.”

“Ta ló fọwọ́ sí i?”

Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé. “Haugen.”

“Ṣé irọ́ ló pa?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Tí ilé yẹn ò bá sí, níbo ló ti mú ẹṣin mi? Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé ilé ò sí, kí n gbé e lọ sí kóòtù, kí wọ́n dá ẹṣin mi padà.”

“Ẹṣin yẹn á ti kú báyìí.”

“Kí wọ́n dá egungun ẹ̀ padà.”

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Marlys gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè jáde síta, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì kó lè máa yẹ ìwé wò, ó sì pe Haugen fúnra rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé Alcide Poitra?”

Ohùn Haugen gba gbogbo gbọ̀ngàn. “Ta ni ò mọ ilé wèrè yẹn? Ilé búlúù ẹ̀yìn táǹkì. Mo lè dijú débẹ̀. Ilé gbogbo wọn ni mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló tún ṣe?”

Marlys pa fóònù. Ó so ìwé ìpẹ̀jọ́ mi mọ́ ìwé tirẹ̀, ó ní ẹ̀rí ni, òun ò lè dá a padà mọ́. Ó wá fún mi ní ìwé ìdìbò.

Rosella ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ju ṣíbí sínú ìkòkò. “Ẹni tó bá ní ìwé ìpẹ̀jọ́ Haugen nílé,” ó ní fún àwọn tó wà níta, “kó lọ gbé e wá.”

“Ta ni ò ní?” ọkùnrin kan fèsì. “Tèmi tó mẹ́ta.”

Kí wákàtí kan tó pé, ìlà ti gùn dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ajá, ti ọtí, ti ẹja tí wọ́n pa láìgba àṣẹ. Marlys gba gbogbo wọn, nítorí bó bá kọ ẹyọ kan, á jẹ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá ń lọ mú èèyàn nínú ilé tí kò sí. Florestine nìkan ni kò ríbi gbà dìbò. Ọgọ́rin ọdún ni ìyá náà, kò ṣẹ̀ sí òfin rí, kò sì ní ìwé kankan.

“Màá jí adìẹ kó tó di ìdìbò tó ń bọ̀,” ó ní, ó sì gba àwo ọbẹ̀ kejì.

Haugen wọlé náà. Ìbò mẹ́rìnlélógójì ló fi borí. Rosella sunkún, ó sì padà sọ́dọ̀ lọ́yà rẹ̀. Èmi ò sunkún.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ẹṣin mi tuntun tún dé etí títì. Haugen fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí Àpótí 318. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, “Kò sẹ́ni tó ń gbé inú àpótí. Ẹ ka òfin yín,” mo sì dá a padà. Ó tún fi ránṣẹ́, mo tún dá a padà. Ìgbà kẹta, ó wá fúnra rẹ̀. Ajá mi kí i bó ṣe máa ń kí i.

“Alcide, gba ìwé yìí.”

“Àdírẹ́sì wo ló wà lórí ẹ̀?”

“Àpótí 318.”

“Ẹlòmíì nìyẹn. Kọ ilé mi síbẹ̀, búlúù, táǹkì, gbogbo ẹ̀, kó o fọwọ́ sí i. Tàtijọ́ wà lọ́wọ́ Marlys, ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́dún mẹ́rin sí i, mo nílò tuntun.”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó mú bírò. Ó wo ilé mi, ó wo táǹkì, ó wo ọkọ̀ méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n fún òtútù. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò, ó sì yí padà lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹṣin mi dúró sétí títì, ó ń fi pátákò wa yìnyín kúrò lórí koríko, ó ń wo Haugen bó ṣe ń lọ.