Ihò Méjì Lára Katakata Bàbá Wọn

Nínú ilé wọn, ẹ̀gbọ́n ló ń kàwé, àbúrò ló ń wa katakata. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ a máa rán an létí.

Katakata ọ̀hún kò tóbi, bàbá wọn ló fi í sílẹ̀, ó sì dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò tẹ bíréèkì, bíréèkì ò dáhùn, ni katakata bá wọlé tọ ìyá wọn ní ilé ìdáná láì kan ilẹ̀kùn. Ọlọ́run yọ màmá, ògiri ló wó. Tíṣà dúró níwájú ilé, lójú ìyá wọn àti àwọn aládùúgbò, ó ní orí àbúrò òun ló fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì mọ bíréèkì yàtọ̀ sí ilẹ̀. Iṣẹ́ ìtulẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ni àbúrò ń ṣe jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ò pè é sóko mọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Sípánà dé. Mẹkáníìkì ni, irun rẹ̀ ti funfun, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú. Tíṣà ní kó tú bíréèkì àti gíà, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí àbúrò bàjẹ́. Ìyá Sípánà fi igi gbé ikùn katakata dúró, ó gbé garawa sábẹ́ àpótí gíà, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì ń dà. Garawa kún. Ó gbé òmíràn síbẹ̀, ìyẹn náà kún.

"Háà! Ta ló rọ katakata yìí yó báyìí? Ṣé ó sọ fún yín pé ebi ń pa òun ni?"

"Ẹ bi awakọ̀ léèrè," Tíṣà wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀.

Ìyá Sípánà yọ táyà ẹ̀yìn, ó ṣí bíréèkì. Inú ibẹ̀, tó yẹ kó gbẹ táútáú, ń dán bí ètè ọmọge.

"Ẹ wò ó. Ọ́ìlì pọ̀ jù nínú àpótí gíà, ló bá wá ọ̀nà jáde sórí bíréèkì. Bó jẹ́ erin ló tẹ̀ ẹ́, kò lè mú. Eyín gíà kan tún ti kán, àmọ́ ọjọ́ orí nìyẹn, Tíṣà. Ẹ̀yin náà, ẹ wo ẹnu yín." Ó fi ìka kan ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíà. "Ihò yìí ni wọ́n ń ṣí. Tí ọ́ìlì bá ti yọjú níbí, ó tó. Ta ló ní kí wọ́n rọ ọ́ títí dé ihò òkè, níbi tí wọ́n ti ń dà á sí?"

Àbúrò nawọ́ sí ògiri ẹ̀yìn ilé. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí Tíṣà túmọ̀ láti inú ìwé òyìnbó tó bá katakata wá. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó fi àmì ohùn sí i láì fo ẹyọ kan: *Kí a rọ ọ́ìlì títí yóò fi dé ẹnu ihò.*

"Mo bi yín, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, ẹnu ihò wo? Ẹ ní, 'Ẹnu mélòó lo fi ń jẹun?'"

Tíṣà rántí. Ó rántí pé ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu òun débi pé òun tún un sọ fún ìyàwó òun, kí ìyẹn náà lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun gan-an ò mọ̀ pé ihò náà jẹ́ méjì. Ó tẹjú mọ́ ìwé ara rẹ̀ bí ẹni ń wá àṣìṣe ọmọ iléèwé. Àmì ohùn pé. Ihò ni kò pé.

"Àbúrò mi," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "má bínú. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà."

"Ẹ̀yìn ilé la wà yìí, Ẹ̀gbọ́n. Iwájú ilé lẹ ti sọ tèmi."

Ìyá Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í nu sípánà kan tí kò dọ̀tí.

Tíṣà yí ilé po lọ síwájú. Ìyá wọn àti aládùúgbò kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Màámi, ó ti wá hàn gbangba pé àṣìṣe kan wáyé nínú ìtumọ̀..."

"Ta ló ṣe é?"

"Ìwé tó wà lára ògiri ni kò..."

"Ìwé ló wó ilé ìdáná mi?"

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀. "Rárá o, Màámi. Èmi ni. Èmi ni mo ṣì í kọ. Àbúrò mi bi mí léèrè, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jẹ̀bi nǹkan kan."

"Kí ló wí?" aládùúgbò béèrè.

"Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n," ìyá dáhùn. Ó na ọwọ́ sí títì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta ti ń kọjá lọ sóko. "Tún un sọ, ọmọ mi. Àwọn yẹn ò gbọ́."

Tíṣà kọjú sí títì. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n gbé ohùn sókè, òun náà gbé tirẹ̀ sókè.