Yàrá Mẹ́ta Inú Béárìn

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì Ọlátóókẹ́, ó fi aṣọ bora dé ọrùn. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó wọlé, ẹ má sì bi mí bó ṣe gba ẹnu ọ̀nà. Ó mí kanlẹ̀, ọ́ìlì díẹ̀ sì ta sórí ìrọ̀rí. Ọlátóókẹ́ mú àkísà, ó nù ún, ó wá bi í bóyá ara ti ń fúyẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ní ara kò tíì fúyẹ́. Ó ní ibi tí irin ti ń fi ara họ irin nínú òun ṣì ń ta òun, bí wọ́n bá sì tún lé òun síta bẹ́ẹ̀, àárín ọ̀sà lòun yóò tún dákú sí.

“Ẹ má bínú,” ni Ọlátóókẹ́ wí. Ó bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà jù ú lọ. Bàbá rẹ̀ ti ń tún un ṣe kí wọ́n tó bí i.

Ó mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wí. Béárìn inú rẹ̀ kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Awẹ́ méjì ni, bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n là sí méjì, tó gbá ọ̀pá ẹ́ńjìnnì mọ́ra kí ọ̀pá náà lè máa yí láàárín rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin líle, bàbà wà lára irin, lórí bàbà ni àwọ̀ òjé àti tánńganran kan wà tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Àwọ̀ fẹ́lẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀pá àti béárìn fi ara họ ara wọn. Òun náà ni iṣẹ́ ìdílé Ọlátóókẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo erékùṣù fi ń pe bàbá rẹ̀ ní Bàbá Olójèé títí ó fi kú.

Láti ìgbà tí Bàbá Olójèé ti kú ni àwọ̀ náà kò ti dúró mọ́. Ọlátóókẹ́ á fi bo béárìn, á dán gbinrin, wọ́n á dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á gbéra, kó tó dé àárín ọ̀sà àwọ̀ á ti ṣí, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ yẹn ló ń kó àwọn ọmọ erékùṣù lọ sí iléèwé ní òdìkejì omi. Nígbà tí kò rìn mọ́, ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n fi ń kó wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìgbì dojú ọkọ̀ alájẹ̀ kan dé, kọ́là aṣọ iléèwé ni wọ́n fi fa Ìbídàpọ̀, ọmọbìnrin Ọlátóókẹ́, jáde nínú omi. Ọmọ náà pọ omi, ó sunkún, ó sì ní ebi ń pa òun. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọlátóókẹ́ kò lè rín. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ṣì ń bá a kiri, àní lójú àlá.

Ó ní kí ẹ́ńjìnnì sùn díẹ̀, kí òun lọ mú irinṣẹ́ wá. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá.

Yàrá mìíràn ló bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ògiri rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, irin ni látòkè délẹ̀. Àwọn ọkùnrin erékùṣù tí wọ́n ti kú tipẹ́ tò síbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì fi èjìká gbé e ró. Bàǹtẹ́ ni wọ́n wọ̀. Òógùn bò wọ́n, ṣùgbọ́n inú wọn dùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Ọlátóókẹ́ kí wọn.

“Ọ̀ọ́,” ni wọ́n dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn fi àgbọ̀n júwe iwájú. “Máa kọjá lọ. Tiwa ni ká gbé e. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ wà níwájú.”

Ó kọjá lọ. Yàrá kejì pupa, bàbà ni ògiri rẹ̀, ooru inú rẹ̀ kò sì jókòó síbì kan. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé, ó ń gba ara ògiri jáde sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin tó gbé irin. Ọlátóókẹ́ rí ojú ara rẹ̀ lára bàbà náà, ìgbà tó wà ní ọmọdé tó ń jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọdé náà yọ ahọ́n sí i. Òun náà yọ ahọ́n padà, kò sì dúró.

Yàrá kẹta ni ó ti rí bàbá rẹ̀.

Ilẹ̀ yàrá náà funfun, ó rọ̀ bí fùfú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Òjé ni. Bàbá Olójèé jókòó lórí àpótí kan láàárín rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tí ásíìdì ti jẹ lórúnkún, ó ń fi ọṣẹ dúdú fọwọ́ nínú abọ́. Ó dà bíi pé ó ti ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ní òkè orí wọn, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì gba àárín yàrá kọjá, ó tóbi ju igi àràbà lọ, ó ń yí láìpariwo. Kò fara kan nǹkan kan. Ọ́ìlì tó tín-ín-rín ló wà láàárín òun àti òjé, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ yanrìn wọlé. Bí yanrìn kọ̀ọ̀kan bá ti bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á lanu díẹ̀, á gbé e mì, á padé. Kò sí ẹyọ kan tó lè họ ọ̀pá.

“Ohun tó bá rọ̀ ló ń gba ìdọ̀tí mọ́ra,” ni Bàbá Olójèé wí, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọlátóókẹ́ kúnlẹ̀. “Bàámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Ó na ọwọ́ sí i kó lè dì í mú, bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ nígbà tó wà láyé. Bàbá rẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó dùn ún. Ẹni tí kò bá tíì rí bàbá rẹ̀ tó ti kú, tí bàbá náà sì kọ ọwọ́ rẹ̀, kò lè mọ bó ṣe dùn tó. Ó sunkún, omijé rẹ̀ bọ́ sórí òjé, ilẹ̀ sì gbé e mì pẹ̀lú yanrìn.

“Bàámi, kí ni mo ṣe?”

“Fọwọ́ rẹ, Àjíkẹ́,” ni bàbá rẹ̀ wí, ó fi oríkì pè é.

“Mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó sùn.”

“Wo ilẹ̀.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wo ilẹ̀. Òjé náà ti ṣí níbi púpọ̀, bàbà sì ń yọjú pupa láti abẹ́ rẹ̀. Àwọn ojú ibi tó ṣí yìí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n, pẹ̀lú ìka wọn. Ọ̀kan tóbi, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sì gé kúrú. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ju Bọ̀dá Múfú lọ, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ ti gé ní ìka nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Òmíràn kéré, ó rí rìbìtì: ti Ìbídàpọ̀. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé ìkẹta. Ó ṣe é rẹ́gí.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé e.

Ní ilé iṣẹ́ wọn, wọn kì í ki béárìn bọ omi òjé láìṣàdúrà sí i. Nígbà ayé Bàbá Olójèé, òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí irin ṣì dọ̀tí. Wọ́n á kó ọwọ́ lé e, bàbá á wúre, wọ́n á ní àṣẹ, Bọ̀dá Múfú á ní àmín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ásíìdì fọ irin, wọ́n á fi omi gbígbóná ṣàn án, wọ́n á fi wáyà gbé e kọ́ sínú omi òjé tí iná bátìrì ń gbà kọjá, títí àwọ̀ á fi gùn ún. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kàn án mọ́.

Ìfẹ́ ló ba ètò yìí jẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Ọlátóókẹ́ ní òun kò lè gbàdúrà tí wọ́n á tún fi ásíìdì fọ̀ dànù. Ó ní, “Ta ni yóò súre tán tí yóò wá da ásíìdì lé e lórí?” Ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ lára mu. Wọ́n gbé àdúrà sí ìparí. Bí irin bá ti mọ́ tónítóní, wọ́n á pe gbogbo ilé, títí kan ọmọ kékeré, kí kálukú wá kó àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí ìre lè wọ òjé lọ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀. Òógùn àti òróró ara wọn á wà níbẹ̀. Òjé kì í sì í di ibi tí ọ̀rá bá wà mú. Ó kàn máa ń bò ó lójú ni.

“Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, ni wọ́n wí,” ni Ọlátóókẹ́ sọ nínú ẹkún. “Tèmi rèé tó tàn mí. Ọwọ́ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi.”

“Ọwọ́ rẹ kò ṣẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ó kàn sún mọ́ ọn jù ni.”

“Ṣé kí n má gbàdúrà mọ́ ni?”

Bàbá Olójèé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó máa ń rín bí Bọ̀dá Múfú bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù. “Èyí tí mò ń gbà sórí ìdọ̀tí ńkọ́? Ṣé ásíìdì gbé e lọ rí?” Ó yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò nínú abọ́, ó gbé wọn sókè ọ̀run, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ọ̀pá tó ń yí lókè orí wọn. Kò fi kàn án. Omi ọwọ́ rẹ̀ ń kán, ṣùgbọ́n òkè ló ń kán sí, ó sì ń di òjé kó tó débẹ̀.

Ọlátóókẹ́ náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

Kó tó mọ̀, ìjókòó ọkọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé kún inú ọkọ̀, Ìbídàpọ̀ wà láàárín wọn, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kálukú wọ aṣọ iléèwé tó gbẹ. Ẹ́ńjìnnì wà nídìí ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora rẹ̀, ó sùn, ó ń hanrun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìdánu dúró. Ọ̀sà ti di ọ́ìlì tín-ín-rín, ọkọ̀ sì ń yọ́ lọ lórí rẹ̀ láìsí ìgbì. Wọ́n kọjá àárín omi, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń dákú sí. Kò dákú. Ọlátóókẹ́ gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín sókè, èyí tí kò lè rín ní ọjọ́sí.

Ní tòsí èbúté, Bàbá Olójèé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó sì ń rìn lórí ọ́ìlì náà. Kò rì. Ó ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ, bí ọmọdé tó ń ṣeré lórí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Ọlátóókẹ́ fẹ́ sáré di aṣọ rẹ̀ mú. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ọkọ̀ ń rìn, àwọn ọmọ ń bẹ nínú rẹ̀, kò sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Bàámi, ẹ jẹ́ kí n kàn fọwọ́ kàn yín,” ló wí.

“Ó ti kàn mí,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn láìwẹ̀yìn.

Ó jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ó wà ní ìdùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sókè, apá sì ti ń ro ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ọ́ìlì díẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, tútù. Ìbídàpọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iléèwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Bọ̀dá Múfú ní àwọn ti fọ béárìn tán, pé kí gbogbo wa máa bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé e.” Ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀. “Màámi, kí lẹ gbé sókè yẹn?”

“Àdúrà ni. Tètè ṣílẹ̀kùn fún mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.”

Ọmọ náà fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó nu èérún búrẹ́dì kúrò lára tirẹ̀, ó gbé méjèèjì sókè, ó sì tẹ̀ lé e lọ.