Èémí Ẹ̀gbọ́n

Owú kì í ṣe àìsàn tí èèyàn ń gbé lọ fún dókítà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìkòkò ì bá ti gba ìsinmi lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, fi omi lásán ṣe ohun tí òun ti ń fi iná wá láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge.

Wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìkòkò ní yàrá ìwádìí nítorí ìkòkò irin ńlá kan tí kì í fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni pé kí wọ́n mú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń bá èéfín jáde lẹ́nu ṣímínì ilé iṣẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ásíìdì tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń rà. Ìyá Ìkòkò ń sè é, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń da lẹ́búlẹ́bú irin olówó gọbọi sí i. Iná mànàmáná tó ń jẹ pọ̀, ásíìdì tó ń jáde kò tó nǹkan.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò rẹ̀ wọ ibẹ̀, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí sìlíńdà afẹ́fẹ́. Àfi bí ọmọ náà ṣe lọ mú ẹnu páìpù tín-ín-rín kan tí ẹ̀gbọ́n ti sọ nù sáàárín àwókù, tó fi ń fín omi sínú àpótí onígíláàsì bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ, tó sì tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú sìlíńdà sí i. Kò dáná, kò da lẹ́búlẹ́bú kankan. Ó ní bí ẹ̀kán omi bá ti kéré tó báyẹn, ara rẹ̀ a máa ṣe ohun tí odidi garawa omi kò lè ṣe. Wọ́n yẹ omi tó ro sísàlẹ̀ wò, ásíìdì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Oníkùrukùru.

Ìyá Ìkòkò bá wọn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú. Ọ̀gá ti sọ pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá yege ni yóò ṣe olórí ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ọgbà, obìnrin yìí sì ti yan ibi tí tábìlì rẹ̀ yóò wà lọ́kàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ìyá wọn ti pè é lórí fóònù.

"O ti gbọ́ nǹkan tí àbúrò ẹ ṣe?"

"Mo wà níbẹ̀, Màmá."

"Omi lásán o. Ìwọ tó o ti ń jó ara ẹ lọ́wọ́ látijọ́, ṣé o ò rí omi ni?"

Láti ìgbà náà, bí àbúrò bá rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n a ti ilẹ̀kùn pa. Ó dá a lójú pé ìdọ̀tí ló wà nínú páìpù yẹn. Ó sì mọ bó ṣe máa mú un. Kó fi náítírójìn, afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú rárá, rọ́pò afẹ́fẹ́ tọ̀hún. Bí ásíìdì bá ṣì jáde, a jẹ́ pé ara ìdọ̀tí ló ti ń wá, ọ̀rọ̀ Oníkùrukùru sì parí. Oníkùrukùru ní òun ti ṣe é, òun ò rí nǹkan kan. Ta ló bá a débẹ̀?

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, ó so náítírójìn mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ṣí ọmọrí àpótí kó lè fojú ara rẹ̀ rí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré wá. Kùrukùru bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó gbé omi náà sínú ẹ̀rọ tó ń wá ásíìdì, ilà tó fi hàn pé ásíìdì wà sì yọ lórí ìwé. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó yọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú ti òun fúnra rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìtìjú náà kò dí i lọ́wọ́ láti gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Oníkùrukùru. Ọmọ náà wo ìwé títí, ojú rẹ̀ fà ro. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ dé ọmọrí ẹ̀?"

"Bí mo bá dé e, báwo ni mo ṣe máa rí inú ẹ̀?"

"Níbo lẹ wá dúró sí?"

"Ibo ni mo tún máa dúró sí? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Ìkòkò, ṣé o ń mí?"

Ó fẹ́ fún un lésì tó yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àfi bó ṣe rántí lójijì. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wá kiri yìí náà ni gbogbo èèyàn ń mí síta. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, owú ló lé e kúrò lórí rẹ̀.

Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n dé ọmọrí, wọ́n fi náítírójìn fín in, ilà kankan kò yọ. Ọ̀gá wá ṣí i. "Bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bó o ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan. Mí sí i." Ìyá Ìkòkò mí sí i. Ilà yọ.

"Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí ń bi mí nìyẹn," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n ní tinú sìlíńdà mọ́ jù, pé èéfín tiwọn ti lú mọ́ oríṣiríṣi. Èémí èèyàn náà lú mọ́ oríṣiríṣi. Bó bá mú tẹnu ẹ, á mú tiwọn." Ó bọ Oníkùrukùru lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní láti bi í ta ni yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Oníkùrukùru dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, mi ò lè ronú kan èémí láéláé." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ohun tó sì dun Ìyá Ìkòkò jù nìyẹn.

Kó tó délé, Màmá ti ń pè.

"Àbúrò ẹ ní ìwọ lo ràn án lọ́wọ́ tó fi yege. O ṣeun, ọmọ mi."

Ìyá Ìkòkò mí kanlẹ̀ sínú fóònù. Ó fẹ́ sọ òótọ́, kò lè sọ ọ́. Ó fẹ́ gba ọpẹ́, kò lè gbà á.

"Kí ló dé tó ò ń mí báyẹn?" ni Màmá bi í.

"Kò sí nǹkan, Màmá," ó dáhùn. "Mo kàn ń mí ni."