Ìṣubú Ìyá Ìyàwó Akunlé

Ọkùnrin akunlé kan wà tí ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan kó má fi ṣe ìwàásù. Bí tíì bá dà sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀." Bí gílóòbù bá jó, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Obìnrin oníbàárà kan ní kó wá bá òun kun pálọ̀ kí àlejò òun tó dé. Nígbà tí obìnrin náà fi máa padà nírọ̀lẹ́, ọ̀dà ò tíì kan ògiri. Akunlé dúró síwájú ibi tí ògiri ti sán, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù: "Báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń dí gbogbo ibi tó sán nínú ayé wa, ẹ̀yin èèyàn mi." Òun fúnra rẹ̀ ò tíì dí ẹyọ kan.

Àràárọ̀ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ìṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán òun wá ṣe láyé nìyẹn, pé ọ̀dà kíkùn kàn wà fún oúnjẹ òòjọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mọ ibi tí oúnjẹ òòjọ́ ilé náà ti ń wá, àmọ́ kì í sọ.

Ìyá ìyàwó yìí ló wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Agbẹ̀bí ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó kórìíra tó ọ̀rọ̀ dídùn tí kò lọ́wọ́ tí kò lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀kọ́-Wà-Níbẹ̀.

"Ẹ̀kọ́-Wà-Níbẹ̀, gáàsì ti tán o," á ké láti ilé ìdáná. "Lọ rà á wá ná, kóo tó wàásù lé e lórí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akunlé fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó sì fi omi ọṣẹ sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ lórí táìlì. Ó ṣàdédé sọ sí i lọ́kàn pé búrọ́ọ̀ṣì tó dọ̀tí àti ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ jọra wọn, ló bá sáré bọ́ síta lọ sọ ọ́ sínú fóònù kó tó gbàgbé. Màmá wọlé ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé ọwọ́ rẹ̀ lórí, ó lọgun. Akunlé gbọ́ o. Ó gbọ́, ó wò ó pé ọ̀rọ̀ òun ò ní pẹ́ parí mọ́, ó kọ́kọ́ ṣàmín. Ọmọ màmá, tó ń sun oorun ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ló ta jí tó sáré lọ gbé ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ti dá. Nílé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ náà, ó le gbagidi bí igi.

Nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ò ṣeé fi dirun, onídìrí tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé gòkè wá bá màmá dì í.

"Ẹ kú ìnira o, Màmá," ni onídìrí wí. "Ìṣubú yín mà fún mi lókun gan-an."

"Ìṣubú mi?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣírí ti àná ni. Bí ẹ ṣe ṣubú, tí ẹ bú sẹ́rìn-ín, tí ẹ dá dìde, tí ẹ ń kọrin ìyìn."

Màmá yíjú padà, tòun ti ìyarun lórí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Nígbà tí akunlé fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, màmá ti jókòó dè é.

"Orin wo ni mo kọ?"

"Màmá?"

"Mo ní orin wo ni mo kọ lórí táìlì yẹn. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Akunlé wúkọ́. "Ẹ má bínú, Màmá. Ìyà ń jẹ àwọn èèyàn lóde. Mo kàn tún ọ̀rọ̀ náà ṣe díẹ̀ kó lè gbé wọn dìde ni."

"O ò gbé èmi tí mo wà nílẹ̀ dìde, ará òde lo fẹ́ gbé!" Ó na ọwọ́ tí kò dá. "Gbé fóònù yẹn wá. Èmi náà fẹ́ gbà wọ́n níyànjú."

Ojú akunlé là. Àṣé ẹ̀rí ni màmá fẹ́ jẹ́! Ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni màmá wí. "Èmi ni màmá tó ṣubú. Mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò sì kọrin. Omi ọṣẹ tí oníwàásù yín dà sílẹ̀ ló gbé mi ṣubú, ẹ̀yin náà ló sì ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mò ń ké."

Akunlé nawọ́ sí fóònù. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbá ọwọ́ náà dànù.

"Mo pe Ọlọ́run. N kò gbọ́ ohùn kankan. Ọmọ mi ló wá, oorun ṣì wà lójú ẹ̀, ó ń sunkún. Lójú tèmi, Ọlọ́run bá a wá. Ọwọ́ náà ṣì ń dùn mí. Bí tiyín bá ń dun ẹ̀yin náà, ẹ ké. Ẹni tó ké kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Mo gbẹ̀bí títí mo fi darúgbó, n kò sọ fún aboyún kankan rí pé kò ní dùn ún. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, mi ò ní kúrò níbí. Ó dàárọ̀ o."

"Màmá, ẹ ti tú mi síta!" ni akunlé ké.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé mi síta, láti ilé ìwẹ̀, láìwọṣọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí fóònù, àwọn kan bínú. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan wọlé, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ó ní, "Màmá, àràárọ̀ ni wọ́n ń ní kí n máa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Mo sunkún lónìí, ara sì fúyẹ́. Ṣé mo lè wá kí yín?"

Ó wá. Màmá bi í léèrè ohun tó jẹ látàárọ̀. Obìnrin náà ronú títí, kò rántí oúnjẹ kankan. Nọ́ọ̀sì bá a din ẹyin, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bó hàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọlọ́run, ó rẹ ọmọ yìí. O rí i. Má fi í sílẹ̀. Àmín."

Obìnrin náà ò lajú. Ó ń retí ìyókù.

"Ó ti tán," ni màmá wí. "Jẹ ẹyin ẹ." Ó kọjú sí akunlé. "Apá tó ń gbé àkàbà yìí, ṣé kò lè gbé èèyàn ni?"

Akunlé fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Ìyàwó rẹ̀ gbé bàtà rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ń lọ ní gbogbo Sátidé nìyẹn, tó ń gbé ọkùnrin náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó ń wàásù fún un níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣe tán, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ò gbé e sá lọ. Ní Sátidé kan, aláìsàn yìí, tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo látọjọ́ yìí, kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó ní, "Dá... kẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ já wọlé láti ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó yé èèyàn nìyẹn látìgbà tí àìsàn ti kọlù ú. Obìnrin náà pe màmá lórí fóònù, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Akunlé ò mẹ́nu kàn án nílé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Ó gbé ọkùnrin náà jókòó, ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń wo ojú pópó, láìsọ̀rọ̀. Ìyàwó aláìsàn ní òun kọ́kọ́ rò pé ara akunlé ni ò yá.